Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń da àyẹ̀wò etí rú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọsibítù kan l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń yẹ etí wò. Yàrá mi kò jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ògiri rẹ̀ kò sì dènà ariwo. Ohùn ìsàlẹ̀, bíi 250 àti 500 Hz (Hz ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tàbí lọ sílẹ̀), ni ariwo náà ń bò mọ́lẹ̀ jù. Ẹni tí etí rẹ̀ pé á wá dà bí ẹni tí kò gbọ́ran. Ó ń dùn mí gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọdé. Mo ti ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé, mo ti kọ̀wé sáwọn ọ̀gá. Owó kò tíì sí. Ṣé kí n máa ṣe é lọ, kí n kọ ariwo náà sínú èsì, àbí kí n máa darí àwọn tó wá yẹ etí wò sí Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọkọ̀ lè dá òbí mìíràn dúró? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.