Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yẹn ti yanjú

Ẹ̀yin ará, mo ti dé o. Mo béèrè níjọ́sí bí a ṣe máa parí àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, nígbà tí iléeṣẹ́ wa l'Ábùjá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ó ti parí.

Nọ́ḿbà PIN, ìyẹn nọ́ḿbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò yí padà. Òṣìṣẹ́ ló ni ín, kì í ṣe ọ̀gá. Kóòdù tí wọ́n fi ń dá iléeṣẹ́ àtijọ́ mọ̀ ló há wa lọ́rùn: oṣù méjì gbáko la fi ń san ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, ti òṣìṣẹ́, àti ìdá 10 tiwa sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà, mi ò ní purọ́. A tún gbogbo ìwé náà tò, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n kọ́kọ́ wo kóòdù, ẹ ṣeun gan-an ni.