Íàpíìsì oní-wáyà wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ọmọ Ìkòròdú
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra íàpíìsì gidi, àkọ́rà mi nìyí, torí àwọn tí wọ́n ń gbé kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn ti sú mi, kì í pẹ́ tí etí kan á fi kú tí èkejì á máa han goooro. Fújì àti jùjú ni mò ń gbọ́ jù, ìwàásù náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inú danfo ló sì pọ̀ jù tí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ gbọ́ gángan lọ́tọ̀ kí n gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, kó má kàn jẹ́ gbì-gbì-gbì. Owó ọwọ́ mi ò ju dọ́là 20 sí 30 lọ. Ẹni tó ń tajà kan ní èyí tó ní driver mẹ́jọ ló dáa jù, ṣé òótọ́ ni? Fóònù mi ò sì ní ihò íàpíìsì o.

Baba Olómele
Àbúrò, ẹni yẹn ń tajà ẹ̀ ni, má dá a lóhùn. Driver ni nǹkan kékeré inú rẹ̀ tó ń gbé ohùn jáde, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe dáadáa sàn ju mẹ́jọ tí ohùn wọn ò bára mu. Ní iye tó o dá yẹn, méjì ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, Moondrop Chu II àti 7Hz Salnotes Zero. Bíi dọ́là 20 ni wọ́n, driver kan tó fẹ̀ tó mìlímítà 10 ló wà nínú etí kọ̀ọ̀kan, wáyà wọn sì ṣeé yọ, tó bá já wáyà nìkan lo máa rà. Tó o bá rí Chu tí wọn ò kọ II sí lára, ti àtijọ́ nìyẹn, wáyà tiẹ̀ ò ṣeé yọ. Zero yẹn ohùn ẹ̀ mọ́ kedere, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá á máa yọ síta, ìwàásù náà á dùn ún gbọ́, àmọ́ béèsì ẹ̀ ò wúwo. Fújì tó o dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n sọ pé kó o mú Chu II.

Sísí Yàbá
Wáyà nínú danfo kẹ̀? Kí kọndọ́ fi apá fà á já lójú ẹ! Bluetooth ni kẹ́ ẹ rà jàre.

Baba Olómele
Mi ò bá ẹ jà Sísí, wáyà ní wàhálà tiẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní dọ́là 20, bátìrì, máíkì, ẹ̀rọ Bluetooth, páálí tí wọ́n ń fi ṣájì í, inú owó kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti ń jẹ, kí ló wá kù fún ohùn? Bátìrì yẹn á sì tún rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sí bí wọ́n ṣe máa yí i padà. Oní-wáyà ò mọ ṣájì rárá. Kó sì gba wáyà náà ẹ̀yìn etí kọjá, kó tì í sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kọndọ́ ò ní rí i fà.

Etí Dídùn
Gbogbo yín ń pe orúkọ, ẹnì kankan ò mẹ́nu ba rọ́bà! Rọ́bà tó ń wọ inú etí yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Tí kò bá dí ihò etí pinpin, béèsì á sá lọ, ìwọ á máa rò pé íàpíìsì ni ò dáa, o lè fi ẹgbẹ̀rún dọ́là ra ọ̀kan kó ṣì máa dún bíi rédíò inú agolo. Ìwọ̀n oríṣiríṣi máa ń wà nínú páálí, dán gbogbo wọn wò, etí ọ̀tún àti ti òsì lè má gba ìwọ̀n kan náà o, kò sóun tó burú ńbẹ̀. Bó o ṣe máa kì í bọ̀ ọ́, fi ọwọ́ kejì fa etí sókè díẹ̀, tì í wọlé, kó o wá fi etí sílẹ̀. Tó bá ti jókòó dáadáa, ariwo ẹ́ńjìnnì danfo á lọ sílẹ̀ kó o tó tan orin rárá, tí ariwo yẹn ò bá lọ sílẹ̀, pààrọ̀ rọ́bà.

Ti ihò tí fóònù ẹ ò ní, dongle lo máa rà, ìyẹn wáyà kúkúrú tó ń so íàpíìsì mọ́ ihò ṣájà fóònù, èyí tó ní DAC nínú, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí orin inú fóònù padà sí èyí tí íàpíìsì lè gbé jáde. Èyí tí ò ní DAC, fóònù míì wà tí ò ní gbé e rárá. Ti Apple oní USB-C dáa, kò wọ́n, àmọ́ lórí Android púpọ̀ ohùn ẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá jẹ́ Android lo ń lò, wá òmíràn. Ka dongle mọ́ owó ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ o.

Màmá Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Èyí tí Etí Dídùn sọ yẹn ṣe pàtàkì fún nǹkan míì. Ẹni tí íàpíìsì rẹ̀ ò dí etí, ńṣe ló máa ń yí ohùn sókè kó lè borí ariwo ọkọ̀, ibẹ̀ ni etí ti ń bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kéèyàn má kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀ tí ohùn bá wà ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó), tó bá dé 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀ ni. Bí etí ẹ bá ń hó lẹ́yìn tó o yọ ọ́, o ti yí i sókè jù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá títì kẹ́ ẹ yọ ọ́ létí, ọ̀kadà ò ní dúró.

Ọmọ Ìkòròdú
Ẹ ṣeun gan-an ni, Màmá ẹ ṣé, mo gbọ́. Android ni mò ń lò. Màá mú Chu II pẹ̀lú dongle oní-DAC. Àmọ́ mo rí rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní fóòmù, ṣé kí n rà á mọ́ ọn?

Etí Dídùn
Fóòmù máa ń dí etí dáadáa lóòótọ́, á sì jẹ́ kí ohùn tínrín-tínrín rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó máa ń gbó, òógùn Èkó ò sì jẹ́ kó pẹ́. Kọ́kọ́ lo rọ́bà inú páálí ná, tí ìkankan nínú wọn ò bá dí etí ẹ, kó o wá ra fóòmù.