Kí ni "aláìsàn" ṣe tí ẹ fi fẹ́ lé e kúrò ní wọ́ọ̀dù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹni tó gbé ìlànà ìwà àwọn nọ́ọ̀sì wá síbí lánàá ní kí a má pe ẹnikẹ́ni ní "aláìsàn" mọ́, pé èpè ni: a-láì-sàn, ẹni tí kò ní í sàn. Ó ní "alágbàtọ́jú" ni ká máa lò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ta ló gé e báyẹn fún un? Oní + àìsàn ni, bí aláṣọ ṣe ní aṣọ. Ẹni tó bá bọ́ aṣọ sílẹ̀ ti bọ́ ọ náà nìyẹn; ẹni tí àìsàn bá fi sílẹ̀ kì í ṣe aláìsàn mọ́. "Alágbàtọ́jú" gan-an ló ń bí mi nínú. Alágbàfọ̀ ló ń fọ aṣọ, àbí aṣọ ló ń jẹ́ alágbàfọ̀? Alágbàtọ́ ló ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tí ẹ bá ké "alágbàtọ́jú!" ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ni yóò dáhùn.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi wà ní ọsibítù kan ní Rẹ́mọ níhìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ké: "Màmá oníṣúgà, Bẹ́ẹ̀dì 7, ṣé ẹ ti tọ̀?" Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú. Ìyá mi fi ìborùn bojú. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà (National Health Act) ọdún 2014 ti ní kí wọ́n pa àṣírí irú èyí mọ́, ẹ̀yin sì wà níbí tí ẹ ń bá "àì-" inú "aláìsàn" jà.

Nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lálẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, ó fa kọ́tìnì, ó ní "Ìyá, ṣé kí n wo ẹsẹ̀ yín?" Ó dúró títí ìyá mi fi na ẹsẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, a gbọ́ ọ tó ń sọ fún dókítà pé "aláìsàn mi ò tíì jẹun." Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mi" yẹn ló gbọ́.

Ẹni tó tún kọ ọ́ síbí pé àìsí "ẹ" ọ̀wọ̀ nínú ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú wa ló sọ nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú di aláfojúdi ńkọ́? Lóòótọ́, "àn án wá" làwọn bàbá wa ń lò fún "ẹ wá" àti "wọ́n wá" pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ìyá mi ní oníṣúgà, ṣebí "ẹ" ló sọ! Àti pé Rẹ́mọ ni orúkọ agbègbè wa, kì í ṣe "Rẹ̀mọ" bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ níbí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mò ń sọ ọ́.