Àbọ̀ ìbéèrè mi: alẹ́ rock ní Camden

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí mo béèrè bí mo ṣe lè lọ wo ẹgbẹ́ olórin rock nínú yàrá kótópó kan ní Camden, ní London, kí etí mi má di, kí n sì délé láyọ̀, mo ti dé o.

Fóòmù tí a fi ń dí etí ló ṣiṣẹ́ jù. Ó kọ́kọ́ ń já bọ́, àfi ìgbà tí mo ṣe é bí ẹ ṣe wí: mo fi ìka yí i títí ó fi tín-ín-rín, mo fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, mo tì í wọlé, mo dì í mú títí ó fi wú. Ìlù ń lù mí láyà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ orin ń yé mi.

Dídúró lẹ́yìn, nítòsí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tún ohùn orin ṣe, ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Nígbà táwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fara gbá ara wọn nínú ijó, èrò gbé mi dé iwájú, bàtà mi kan sì bọ́! Ọmọkùnrin kan tí irun rẹ̀ dà bí ogbe àkùkọ gbé e sókè, ó ń pariwo, "Ta ló ni í?" Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Ẹ wọ bàtà olókùn.

Ẹni tó ní kí n wọ Northern line, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lóru, òru Friday àti Saturday nìkan ló ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ọjọ́bọ̀ lèmi lọ. Bọ́ọ̀sì N29 ló gbé mi dé Wood Green.

Etí òsì hó títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, torí mo yọ fóòmù níbi orin tó kẹ́yìn. Ó ti dákẹ́. Ohùn mi ló ṣì há. Ẹ ṣeun.