Ìmọ̀ràn: kọ̀ǹpútà wo ni kí n fi gba orin sílẹ̀ nínú ilé?

OlóhùnIyọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ń kọrin, mo sì ń ta gìtá díẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ti lo ọdún márùn-ún, memory rẹ̀ jẹ́ 8 GB, Windows ló wà lórí rẹ̀. Máìkì USB kékeré kan ni mo fi ń gbohùn sínú Audacity, ètò tí wọ́n fi ń gbohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn mi máa ń pẹ́ kó tó dé etí mi nínú hẹ́dífóònù, ìró kan sì máa ń ṣe "ta! ta!" láàárín orin. Èyí tó wá burú jù ni pé gbogbo rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Mo ti ń tu owó jọ fún kọ̀ǹpútà tuntun. Èwo ni kí n rà?

ÀgbàOnílù:
Àbúrò, má tíì ná owó yẹn. 8 GB tó ohùn kan àti gìtá kan í gbé. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé ló gùn jù, torí ọ̀nà tí Windows là sílẹ̀ fún ohùn kì í ṣe ti olórin. Ra audio interface, àpótí kékeré tó máa ń wà láàárín máìkì àti kọ̀ǹpútà. Focusrite Scarlett Solo ní ojú kan fún máìkì, òmíràn fún gìtá. Ó tó ọ. Yóò bá ètò kan tí wọ́n ń pè ní ASIO wá. Iléeṣẹ́ Steinberg ló ṣe ASIO kí ohùn lè gba ọ̀nà àbùjá.

Tó o bá ti so ó mọ́ ọn, wá ibi tí wọ́n kọ buffer sí. Fi í wé garawa. Kọ̀ǹpútà kì í gbé ohùn ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ńṣe ló ń dúró kí garawa kún kó tó gbé e lọ. Bí garawa bá kéré, kò ní pẹ́ kún, ohùn á tètè dé. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà ò bá tíì padà dé nígbà tó kún, omi á dànù. "Ta!" tí ò ń gbọ́ yẹn nìyẹn. Ní 48 kHz, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, buffer tó gba ìwọ̀n 128 jẹ́ nǹkan bíi millisecond 2.7, 1024 jẹ́ nǹkan bíi 21. Àlọ nìkan nìyẹn o, àbọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Fi 128 kọrin. Tó o bá ti gbohùn tán tó o fẹ́ máa po orin pọ̀, gbé e lọ sí 1024, kí kọ̀ǹpútà lè mí.

OhùnÒkè:
Kó kúkú gbà á ní 96 kHz. Wọ́n ní ohùn á mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdùkẹ́Alórin:
Ha! Inú ilé ìwẹ̀ ni ẹni yìí wà, ẹ ń sọ 96 kHz fún un. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

OlóhùnIyọ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín yàrá yín. Bí ògiri bá dá yín lóhùn, kò sí ohun tí ẹ rà tó máa gbà yín. Ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tó nípọn sẹ́yìn ara yín. Ẹ̀yìn *yín* ni mo wí, kì í ṣe ẹ̀yìn máìkì. Iwájú ni ọ̀pọ̀ máìkì olórin ti ń gbọ́ràn, ohun tó bá wà lẹ́yìn yín ló sì ń wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi condenser, irú máìkì tí etí rẹ̀ mú jù, tàn yín. Mo ra ọ̀kan rí. Ó gbọ́ àgogo ara ògiri, ó gbọ́ ọmọ aládùúgbò, ó gbọ́ ikùn mi. Máìkì irú dynamic, tí etí rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ mú. Láti 1966 ni wọ́n ti ń ṣe Shure SM58, kò nílò iná 48 V tí condenser ń bèèrè, ẹ sì lè sún mọ́ ọn bí ìka mẹ́rin.

Wáyàwáyà:
Díẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi. Ẹ má fi hẹ́dífóònù Bluetooth gbọ́ ara yín, ohùn á pẹ́ dandan. Èyí tó ní wáyà, tó bo etí pátá, ni kí ẹ lò. Tí "hùùù" bá ń bá gìtá wọlé, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà wò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ wáyà, ṣájà ló ń kùn! Àmọ́ tí ẹ bá ti yọ ọ́, Windows lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bátìrì jẹ, kó máa fà. Ẹ lọ síbi Power nínú Settings, ẹ mú èyí tó ní performance lórúkọ. Ẹ pa Wi-Fi náà.

Ẹ má jẹ́ kí ohùn kan òkè. Ní 24-bit (bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan kúnná tó nìyẹn), ibi tó ròkè jù lè wà ní -12 dB láìsí wàhálà; 0 ni òkè náà. Èyí tó bá ti fọ́, kò ṣe é tò.

Afáìlìpamọ́:
24-bit, 48 kHz ti tó. Ohùn kan á jẹ nǹkan bíi 8.6 MB ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ní ohùn mẹ́wàá, nǹkan bíi 346 MB. Tí 96 kHz bá dé, ó di ìlọ́po méjì. Bí hard disk tó ń yí ló ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yín, SSD, disk tí kì í yí tó sì yá jù, ni kí ẹ fi owó yẹn rà. Ẹ ṣe ẹ̀dà sórí disk mìíràn lálaalẹ́. Ẹni tí orin mẹ́fà sọnù mọ́ lọ́wọ́ ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ètò ìgbohùn mìíràn wà tó ń jẹ́ Reaper, ó ń jẹ́ kéèyàn fi 60 ọjọ́ dán an wò. Ó rọrùn fún mi ju Audacity lọ láti kó ohùn púpọ̀ jọ.

OlóhùnIyọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo yá interface lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, mo sì gbé Reaper sórí kọ̀ǹpútà. Ní 128 ó ṣì ń ṣe "ta!" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní 256 ó dákẹ́ wẹ́lo, mi ò sì mọ̀ pé ohùn ń pẹ́ mọ́. Àǹtí Àdùkẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn! Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń kọrin. Fáànù kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó ń mí sínú orin.

Àdùkẹ́Alórin:
Níbo lẹ gbé kọ̀ǹpútà sí?

OlóhùnIyọ̀:
Orí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àdùkẹ́Alórin:
Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn máìkì, jìnnà díẹ̀, kí máìkì kọ̀yìn sí i.