Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Steam Deck: mo ti pinnu

Ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá kí n ta Steam Deck mi àtijọ́ (ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé), kí n fi ra OLED, irú rẹ̀ tuntun tí ojú rẹ̀ yàtọ̀, tó jáde ní 2023. Ẹ ṣeun gan-an, títí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìnákúnàá ni. Mo yá OLED ẹ̀gbọ́n mi lò fún ọjọ́ méjì. Há! Ojú rẹ̀ dára: ibi tó bá dúdú, á dúdú bíi kóró iṣin, àwòrán rẹ̀ sì lè yí padà nígbà 90 (90Hz) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 60. Bátìrì rẹ̀ náà pọ̀ sí i, ó ń gba iná 50Wh dípò 40. Ṣùgbọ́n géèmù tó ń wọ́ lórí tèmi ń wọ́ lórí tiẹ̀ náà. Mi ò rà á. Mo kàn fi SSD (ibi tí géèmù ń wà nínú ẹ̀rọ) tó tóbi sínú tèmi. Ẹni tí kò ní ìkankan rí, OLED ni kó rà.