Màmá wa bọ́ lọ́wọ́ sepsis, kí ló dé tí àìsàn mìíràn tún ń tẹ̀ lé e?

Àjíkẹ́ Òkè-Àdó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, kó dá mi lóhùn.

Màmá wa ní àtọ̀gbẹ. Egbò kékeré kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ló di ibà àti ìgbọ̀nrìrì, wọ́n ń mí gúlegúle, wọn ò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ní sepsis ni, pé àkóràn ti mú kí ara máa ba ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbé wọn wọ ICU, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, wọ́n fa oògùn sí wọn lára, a sì dúpẹ́ pé Màmá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, òtútù àyà dé. Bí a ṣe ń tọ́jú ìyẹn lọ́wọ́ ni egbò kéékèèké tún yọ yí ẹnu wọn ká. Bẹ́ẹ̀, egbò ẹsẹ̀ tó fa gbogbo rẹ̀ ti jinná! Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kì í ṣe ojú lásán, pé ẹni tó ń bá Màmá jà kò tíì jáwọ́. Wọ́n fẹ́ gbé Màmá lọ sí orí òkè àdúrà lọ gba ààwẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé sepsis lè sọ ara di aláìlágbára tó báyìí lẹ́yìn tó ti lọ?

Nọ́ọ̀sì Táíwò:
Àǹtí Àjíkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Bẹ́ẹ̀ ni, sepsis lè ṣe bẹ́ẹ̀. ICU ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Birmingham níbí, ohun tí ẹ kọ yìí kò sì ṣàjèjì sí mi rárá.

Nínú sepsis, kì í ṣe kòkòrò àrùn nìkan ló ń ṣe èèyàn léṣe. Ìjà tí ara gbé dìde sí kòkòrò náà ló kọjá ààlà, tó fi ń ba kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ẹbí ni pé àwọn ọmọ ogun ara ń kú lọ bẹẹrẹ nínú ìjà yẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí à ń pè ní lymphocyte a máa run nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ọlọ inú (spleen). Ó ti rẹ èyí tó ṣẹ́kù. PD-1, èròjà kan tó máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dẹwọ́ ìjà, á pọ̀ lára wọn. Monocyte, sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn tó yẹ kó fi kòkòrò tó gbá mú han àwọn yòókù kí wọ́n lè dá a mọ̀, èròjà HLA-DR tó fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn á dínkù lára rẹ̀. Bí HLA-DR kò bá gòkè padà láàrin ọjọ́ mélòó kan, ewu àkóràn tuntun ń bẹ.

Ní 2011, Richard Hotchkiss àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní St. Louis, Amẹ́ríkà, yẹ ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn 40 tó kú nínú sepsis wò, kété lẹ́yìn ikú wọn. Wọ́n fi èròjà tó yẹ kó mú sẹ́ẹ̀lì bínú ru sẹ́ẹ̀lì ọlọ inú wọn sókè. Èròjà ìjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tú jáde kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti àwọn tí kò ní sepsis. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yẹn, àánú àwọn aláìsàn tí a ti ń dá padà sílé láìsọ nǹkan fún wọn ṣe mí gan-an.

Egbò ẹnu yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ herpes, fáírọ́ọ̀sì kan. Ọ̀pọ̀ wa ló ti wà lára wa láti kékeré, tó kàn sùn síbẹ̀; bí àwọn tó ń ṣọ́ ọ bá dínkù, á jí. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Àtọ̀gbẹ àti ọjọ́ orí náà ń dá kún un.

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 40 nínú 100 àgbàlagbà tó bọ́ lọ́wọ́ sepsis líle ló ń padà sí ilé ìwòsàn láàrin 90 ọjọ́, àkóràn sì wà lára ohun tó sábà máa ń dá wọn padà. Ẹ ka ìyẹn sí ẹ̀gbọ́n yín létí.

Baba Àdùnní:
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Sepsis lẹ́yìn ìbímọ mú ìyàwó mi, ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó padà sípò. Ṣé oògùn wà tó lè gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí dìde? Àwọn tó ń ta àgúnmu lórí WhatsApp ní àwọn ní in.

Nọ́ọ̀sì Táíwò:
Ẹ kú ewu ọmọ, sà. Kò tíì sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Wọ́n dán interleukin-7, èròjà tó ń mú kí lymphocyte pọ̀ sí i, wò ní Faransé àti Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018: lymphocyte pọ̀ sí i ní ìlọ́po 3 sí 4. Ṣùgbọ́n aláìsàn 27 péré ni, a ò lè tìtorí ìyẹn sọ pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ní ti àgúnmu, kíndìnrín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ni ẹ fẹ́ dà á lé yẹn. Ẹ má dán an wò.

Àǹtí, àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ààwẹ̀ ni mo bẹ̀ yín pé kí Màmá má gbà. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí kò jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè dákú. Oúnjẹ ni wọ́n nílò: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Ẹ máa tan iná wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́. Bí èémí bá tún ń yára, tí ara gbóná tàbí tó tutù jù, tí ìtọ̀ dínkù, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn dàrú, ẹ má dúró di àárọ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó jókòó níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé Màmá ti ní sepsis rí, kí ẹ sì mú ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ lọ́wọ́.

Àjíkẹ́ Òkè-Àdó:
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà kí pásítọ̀ wá gbàdúrà nílé, láìsí ààwẹ̀. Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún òtútù àyà yìí? Ṣé kí a gbà á báyìí?

Nọ́ọ̀sì Táíwò:
Ó wà, ti pneumococcus, kòkòrò tó sábà máa ń fa òtútù àyà, ti flu náà sì wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ tán, kí ibà lọ pátápátá, kí ẹ wá béèrè méjèèjì lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ wọn.